Ta Ló Ń Ka Èérún Ike Tó Wà Nínú Yanrìn Etí Òkun Wa?

Ẹni tó bá rìn létí òkun láti Grand-Popo dé Sèmè-Kpodji kò ní pẹ́ rí igò omi tó ti ṣófo, sílípáàsì ẹsẹ̀ kan, àwọ̀n tó ti ya àti ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di ẹrù lọ́jà. Àwọn wọ̀nyí ni gbogbo ayé ń rí, àwọn náà sì ni wọ́n máa ń kó dànù nígbà tí wọ́n bá pe àwọn ọ̀dọ́ jọ pé kí wọ́n wá gbá etí òkun. Èyí tó ń ṣẹ́ kù sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbá a tán ni a fẹ́ sọ lónìí. Ó kéré débi pé ìgbálẹ̀ kì í kó o. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni máíkíróplásítíìkì. Àwa máa pè é ní èérún ike, nítorí èérún náà ni lóòótọ́, bí ìgbà tí èérún búrẹ́dì bá já sílẹ̀ lórí tábìlì.

Mìlímítà 5 ni ààlà tí wọ́n fi sí i. Ike tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ì báà jẹ́ láti ara igò, láti ara okùn tàbí láti ara ọ̀rá, èérún ni wọ́n kà á sí. Hóró àgbàdo tó gbó dáadáa tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 2004 ni Richard Thompson ti Yunifásítì Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Wọ́n bu yanrìn àti ẹrẹ̀ létí òkun ìlú wọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì bá ike nínú ohun tí ojú lásán kà sí iyanrìn tó mọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá a kiri gbogbo ayé, wọ́n sì ti rí i ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ etí òkun.

Èérún kan wà tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti ilé iṣẹ́. Hóró róbótó kékeré ni, funfun tàbí aláwọ̀ omi, tó jọ ẹyin ẹja. Òun ni ilé iṣẹ́ ń yọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣe garawa, kẹ́ẹ̀gì tàbí àga ike, inú àpò ni wọ́n sì máa ń kó o sí kiri ayé nínú ọkọ̀ òkun. Ìyókù, tó pọ̀ jù, jẹ́ ohun ńlá tó fọ́. Oòrùn ni ó ń ṣe é. Ẹ ti rí i bí ike tí wọ́n gbàgbé síta ṣe máa ń ṣá, tó máa ń gbó, tí á sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ nígbà tí ẹ bá gbé e. Ọ̀rá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í jẹrà bí ewé ẹ̀kọ. Ó kàn ń kéré sí i ni, títí tí a ò fi ní rí i mọ́, a ó sì rò pé ó ti tán.

A mọ̀ pé ẹni tó wà ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ á sọ pé ọ̀rọ̀ etí òkun kọ́ ni òun ní lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká tọ ojú omi lọ. Odò Ouémé ni odò tó gùn jù lọ nílẹ̀ wa, nǹkan bí kìlómítà 510. Ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ wà láàárín òun àti odò Okpara, Okpara náà sì ń wọ inú Ouémé níkẹyìn. Ọ̀rá tí òjò gbá láti inú gọ́tà ọjà wọ odò kékeré, odò ńlá ni yóò gbà á. Ouémé á gbé e dé adágún Nokoué, níbi tí àwọn ará Ganvié kọ́lé sí lórí omi, tàbí kó gbé e dé ọ̀sà Àjàṣẹ́. Láti Nokoué, ipadò tí àwọn Faransé là ní Kútọnu lọ́dún 1885 ni ó ń gbà bọ́ sínú òkun. Ìrìn rẹ̀ kò sì tíì parí níbẹ̀. Ní gbogbo agbègbè wa yìí, ìwọ̀ oòrùn ni ìgbì ti ń ti yanrìn lọ sí ìlà oòrùn. Ohun tó bá já sómi ní Lomé lè sùn ní Grand-Popo; ohun tó bá já sómi ní Kútọnu lè bá ara rẹ̀ ní Sèmè, kó sì kọjá lọ sí Badagry láìfi ìwé ìrìnnà han ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá bu yanrìn kan létí òkun, ẹrù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ni wọ́n ń bú.

Ó dáa, ẹ̀yin ọlọ́jà, báwo ni èèyàn ṣe ń ka ohun tó wà nínú iyanrìn? Gbogbo wa la máa ń sọ pé ìdọ̀tí pọ̀ létí òkun. Ṣùgbọ́n "ó pọ̀" kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó ń ta gààrí kò lè sọ fún oníbàárà pé gààrí òun pọ̀. Igbá ni yóò fi wọ̀n ọ́n. Tí a kò bá mọ iye tó wà níbẹ̀ lọ́dún yìí, a ò lè mọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ bóyá ó lọ sókè tàbí ó wálẹ̀, a ò sì lè mọ̀ bóyá òfin tí wọ́n ṣe ràn wá lọ́wọ́ tàbí ó kàn ń yọ àwọn tálákà lẹ́nu lásán.

Àwọn olùwádìí ní ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé, kò sì le bí èèyàn ṣe rò. Nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn, ó máa ń fi ìlà kan sílẹ̀ lórí iyanrìn: ewéko òkun, igi wẹ́wẹ́, ìkarahun, ìyẹ́ ẹyẹ. Orí ìlà yẹn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé férémù onígi tàbí onírin kalẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 50 ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á wá fi ṣọ́bìrì onírin bu òkè iyanrìn tó wà nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Lítà 12 àbọ̀ ni iyanrìn yẹn á jẹ́, èyí tó tó nǹkan bí kílò 20 tó bá gbẹ. Wọn kì í mú ibì kan ṣoṣo. Ó kéré tán, wọ́n á mú ibi márùn-ún lórí ìlà kan náà, wọ́n á sì fi mítà 5 ó kéré tán ya ọ̀kan sí èkejì. Ìdí ni pé ìgbì kì í pín ẹrù rẹ̀ dọ́gba. Ibì kan lè kún fún èérún, kí ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan sí i sì ṣófo. Ẹni tó bá lọ ṣa ibi tó dọ̀tí jù kó lè rí nǹkan sọ, irọ́ ló wọ̀n. Ẹni tó bá ṣa ibi tó mọ́ nítorí pé òtẹ́ẹ̀lì wà nítòsí, irọ́ ni òun náà wọ̀n.

Lẹ́yìn èyí, asẹ́ ló kù. Àwọn obìnrin wa mọ asẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Asẹ́ méjì ni: èyí tí ihò rẹ̀ tó mìlímítà 5 ló ń dá àwọn ohun ńlá dúró, èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1 ló ń jẹ́ kí iyanrìn kọjá lọ. Ohun tó bá wà lórí asẹ́ kejì ni à ń wá. Bí wọ́n bá ka èérún 40 nínú férémù kan, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, ìyẹn 160, ló máa wà nínú mítà kan níbùú lóròó. Àpẹẹrẹ lásán ni a fi ṣe o, ẹ má lọ sọ pé a ní 160 ló wà ní Fidjrossè.

Èyí tó kéré ju mìlímítà 1 lọ nìyẹn tó ń fa ìyọnu, nítorí pé ó bá iyanrìn dọ́gba, asẹ́ kò lè yà wọ́n. Iyọ̀ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á da iyọ̀ sínú omi títí tí omi kò fi ní gbà á mọ́, nǹkan bí gíráàmù 360 fún lítà omi kan. Omi oníyọ̀ yẹn wúwo débi pé ẹyin adìyẹ á léfòó nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá da iyanrìn sínú rẹ̀, tí wọ́n rò ó pọ̀, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀, iyanrìn á lọ sísàlẹ̀, ike á gòkè. Wọ́n á wá ré ojú omi náà, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì gbé e sábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi. Tí ewé àti èèpo igi bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi oògùn kan wà tó máa jẹ wọ́n run tí kò ní fọwọ́ kan ike.

Ẹ dúró ná, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò ibí yìí. Kì í ṣe gbogbo ike ló ń léfòó nínú omi iyọ̀. Ọ̀rá, ìdérí igò àti garawa fúyẹ́ ju omi lásán pàápàá lọ. Fóòmù tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n náà á gòkè. Ṣùgbọ́n igò omi àti ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ike tí wọ́n fi ń ṣe wọ́n wúwo ju omi iyọ̀ lọ, èérún rẹ̀ á bá iyanrìn rì. Ẹni tó bá fi iyọ̀ nìkan wọ̀n ọ́n á kéde pé èérún igò kò sí létí òkun, tí igò sì kún ibẹ̀ bámúbámú. Àwọn oògùn kan wà tó wúwo tó láti gbé e sókè, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n, òmíràn sì ní májèlé. Torí náà, bí ẹ bá gbọ́ iye kan lórí rédíò, ẹ kọ́kọ́ béèrè irú omi tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ojú náà ń tan èèyàn jẹ. Ìpẹ́ ẹja, ìkarahun tó ti dán, hóró iyanrìn tó ń kọ mànà, gbogbo wọn lè jọ ike. Ọgbọ́n kékeré kan wà fún un: wọ́n á fi iná sun abẹ́rẹ́ títí á fi pọ́n, wọ́n á sì fi kan ohun náà. Tó bá yọ́ tàbí tó bá lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́, ike ni. Tí kò bá yọ́, ẹ jù ú nù. Àwọn ilé ìwádìí tó rí owó ná ní ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí sára èérún kọ̀ọ̀kan, tí á sì sọ irú ike tó jẹ́ gan-an. Aṣọ ara ẹni tó ń wọ̀n ọ́n pàápàá lè ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí òwú ike ń já bọ́ lára àǹkárá ayédèrú àti jẹ́sì bọ́ọ̀lù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń wọ aṣọ òwú gidi, tí wọ́n sì máa ń gbé àwo omi tó mọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ wọn. Òwú tó bá já sínú àwo yẹn, láti inú afẹ́fẹ́ ló ti wá, wọ́n á sì yọ iye rẹ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n kà.

Ìjà tó ń lọ láàárín àwọn onímọ̀ fúnra wọn kò yàtọ̀ sí ìjà ọjà. Ẹnì kan á ka èérún nínú mítà kan níbùú lóròó. Ẹlòmíràn á kà á nínú kílò iyanrìn gbígbẹ. Ẹnìkẹta á kà á nínú lítà. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ láti mìlímítà 1, ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀ láti ohun tí ojú kò rí rárá, èyí tó máa ń pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Bí ìgbà tí igbá Kétu bá yàtọ̀ sí igbá Ṣábẹ̀ẹ́ ni, tí ẹnì kan wá ń sọ pé ẹ̀wà pọ́n ní Kétu. Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ tó ń gba àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nímọ̀ràn nípa òkun, GESAMP, kọ ìwé ìlànà kan kí òṣùwọ̀n lè di ọ̀kan. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ni kò tẹ̀ lé e.

Ẹnì kan lè sọ pé eré ọmọ ilé ìwé ni gbogbo èyí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sri Lanka. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2021, iná sọ nínú ọkọ̀ òkun X-Press Pearl nítòsí Kòlóńbò. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, ọkọ̀ náà ti ń rì. Nínú ẹrù rẹ̀, hóró ike tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yẹn tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1,680. Tí a bá dì í sínú àpò ìrẹsì oníkílò 50, àpò 33,600 ni. Ó bo etí òkun funfun bí ìgbà tí wọ́n da sàgò sílẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn apẹja má wọ omi, ẹja kò sì rí ẹni rà á mọ́ nítorí ìbẹ̀rù. Àwọn ológun gbá èyí tó wà lókè. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn èèyàn etí òkun, obìnrin ló pọ̀ jù, jókòó ti asẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n ń sẹ́ iyanrìn ní igbá kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìgbì ti bo hóró náà mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù keje ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Sri Lanka pàṣẹ pé kí àwọn tó ni ọkọ̀ náà àti àwọn tó ń darí rẹ̀ san bílíọ̀nù kan dọ́là. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í jáde láti inú "ó pọ̀". Ẹni tí kò bá mọ bí etí òkun rẹ̀ ṣe rí kí ọkọ̀ tó rì, ọjọ́ ẹjọ́ ni wọ́n máa bi í bóyá ìdọ̀tí náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọkọ̀ òkun ń kọjá níwájú wa lójoojúmọ́, wọ́n ń lọ sí Lomé, sí Kútọnu, sí Èkó. Ẹ rò ó wò.

Ohun kan wà tó wù wá nínú ọ̀rọ̀ yìí tí kò gba owó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hideshige Takada ní Tókíò, lórílẹ̀-èdè Japan, dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 2005 tí wọ́n ń pè ní International Pellet Watch. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá wà létí òkun níbikíbi láyé ṣa hóró ike 100 sí 200, kó fi bébà alumíníọ̀mù wé e, kó fi í sínú àpòòwé, kó sì fi ránṣẹ́ sí òun. Hóró tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó ti pẹ́ lómi, ló dára jù, torí pé ike máa ń fa májèlé inú omi mọ́ra bí aṣọ ṣe ń fa epo. Lára hóró yẹn ni wọ́n ti ń mọ májèlé tó wà nínú òkun ibi tó ti wá. Wọ́n ṣe é ní Gánà, aládùúgbò wa, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2014. Wọ́n bá májèlé kan tí wọ́n ń pè ní PCB lára àwọn hóró náà, wọ́n sì tọpa rẹ̀ dé orí àwọn ẹ̀rọ àlòkù tí àwọn èèyàn ń tú. Ẹ wò ó, etí òkun ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, orí ààtàn kọ̀ǹpútà ni wọ́n bá ara wọn.

Àwọn tó ń jẹ ẹja àti iyọ̀ á fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń pa èèyàn. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí yẹ oríṣi iyọ̀ 39 wò láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, èérún ike sì wà nínú 36. Ní ti omi mímu, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tíì fi hàn pé ó ń dá àìsàn sílẹ̀ ní ìwọ̀n tó wà báyìí, àmọ́ kí wọ́n túbọ̀ wádìí rẹ̀. Ẹni tó bá ń pariwo lórí WhatsApp pé ẹja wa ti di májèlé ń ba ọjà àwọn obìnrin ẹlẹ́ja jẹ́ lásán.

Èyí tó jẹ wá lọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ ẹ̀bi. Bẹ̀nẹ̀ ti ní òfin láti oṣù kejìlá ọdún 2017, òfin nọ́ńbà 2017-39, tó ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀, láti ṣíṣe é dé títà á. Nígbà tí wọ́n bá ń mú èèyàn, ìyá tó gbé ọ̀rá sórí àtẹ ni ọwọ́ máa ń tètè tẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òun ló jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí asẹ́ ló yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ fọ́nrán ọ̀rá ló pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ kan ọjà wa. Tó bá jẹ́ òwú aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ aró, okùn àti àwọ̀n apẹja ni. Tó bá jẹ́ hóró róbótó funfun, kò sí ìyá ọlọ́jà kankan tó ń tà á; ilé iṣẹ́ tàbí ọkọ̀ òkun ni kí wọ́n lọ bá. Àwa gbà pé kí ìjọba tó fi owó ìtanràn kún ti àwọn obìnrin, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ìwé ohun tí wọ́n kà hàn wá, kí wọ́n sì kọ irú èérún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá ni Ouémé máa ń kún, tí ó sì ń gbá gbogbo ohun tó wà lọ́nà rẹ̀ lọ sómi. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá wà nítòsí òkun lè wọ̀n iyanrìn kí odò tó kún, kí wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó bá fà, ní ojú ibì kan náà, pẹ̀lú férémù kan náà àti asẹ́ kan náà. Káfíńtà á kan férémù náà láàárín wákàtí kan. Kí wọ́n kọ ọjọ́, wákàtí, orúkọ etí òkun náà, bí òkun ṣe fà tó, àti iye èérún tí wọ́n bá nínú férémù kọ̀ọ̀kan, títí kan férémù tí wọn kò ti rí nǹkan kan.